Ta ni yóò ni orúkọ náà? Ìdáhùn fún Màmá onírúgbìn tó ń wá hosting ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Irúgbìn kòkó àti ọ̀pẹ ni mo ń tà ní Ọ̀dà Road, Àkúrẹ́. Àwọn oníbàárà ń pè mí láti Ìdànrè, láti Oǹdó, títí dé Ilé-Olújì, gbogbo wọn ló sì ń ní kí n fi àwòrán àti iye owó ránṣẹ́. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n ti lè rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní FUTA ní kí n ra hosting kan ní òkè òkun, dọ́là 2.99 lóṣù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Alágbàká ní òun á bá mi ṣe gbogbo rẹ̀ pátá, domain, hosting àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ní ₦150,000, kí n sì máa san ₦60,000 lọ́dọọdún. Èwo ni kí n mú? Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àmójútó. Ẹ má tíì mú ìkankan nínú méjèèjì. N kò sọ pé oníjìbìtì ni ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ padà bá ọ̀kan lára wọn ṣe. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn méjèèjì ló so nǹkan méjì pọ̀ tó yẹ kó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ tí àwọn oníbàárà yóò máa tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín là ń pè ní domain. Kọ̀ǹpútà kan sì wà níbì kan tí kì í sùn tọ̀sán tòru, òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán yín dání. Ààyè tí ẹ bá háyà lórí rẹ̀ là ń pè ní hosting.

Tí hosting bá ń dà yín láàmú, ẹ lè kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀ lónìí kí ẹ sì ti wà níbòmíràn lọ́la, oníbàárà kankan kò sì ní mọ̀. Domain tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ lè má rí i gbà mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń bá ènìyàn yan ilé iṣẹ́ hosting, ọ̀nà tí a ó gbà jáde ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Gbogbo wọn ló ń pe ara wọn ní ọ̀gá, gbogbo wọn ló ní àwọn yára. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn lẹ ó tó mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí domain bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹkún jù. Ilé ìwé aládàáni kan wà ní Oǹdó tó ti ń lo domain kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn ló bá wọn rà á. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi rà á, ímeèlì ara rẹ̀ ló sì fi sí i. Kò ní èròkérò lọ́kàn o, ó kàn jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn fún un. Nígbà tó japa, ìránnilétí pé owó ti tó san ń lọ sínú ímeèlì tí kò yẹ̀ wò mọ́. Domain náà kú, ẹlòmíràn rà á. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, òbí tó bá tẹ orúkọ ilé ìwé náà, ojú ìwé tẹ́tẹ́ ló ń bá. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, sára bọ́ọ̀sì, sára káàdì ìròyìn àwọn ọmọ. Wọ́n ní kí n bá wọn gbà á padà. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbé e gbà? Nínú àkọsílẹ̀, ilé ìwé náà kò ní in rí.

Nítorí náà, Màmá, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ra domain. Èyí tó bá parí sí .ng, àjọ NiRA ló ń bójú tó o. NiRA kì í tà á fún yín tààrà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó fún láṣẹ, tí à ń pè ní registrar, ló ń tà á, orúkọ wọn sì wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì NiRA. Fún ẹni tó ń ta irúgbìn fún àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó, .com.ng ti tó. Ó máa ń pọ́ọ́kú ju .ng lásán lọ, àgbẹ̀ tó sì rí i á ti mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Tí ẹ bá fẹ́ràn .com, kò burú, àmọ́ dọ́là ni iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé lẹ́yìn.

Ẹ lo ímeèlì tó wà lórí fóònù yín, èyí tí ẹ ń ṣí, kì í ṣe ti ọmọ yín. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA lónìí, ẹ kò mọ ibi tí àgùnbánirọ̀ yóò gbé e lọ lọ́la. Ẹ fi orúkọ yín tàbí orúkọ iṣẹ́ yín sí ibi tí wọ́n bá ti bèèrè olówó rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i, ẹ sì kọ password rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ń tọ́jú sílé. Ẹni tó bá ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì yóò sọ pé òun nílò domain náà lọ́wọ́. Kò nílò rẹ̀. Gbogbo ohun tó nílò ni kí ẹ yí ohun tí wọ́n ń pè ní nameserver sí ibi tí hosting wà. Ọ̀rọ̀ ìlà méjì péré ni, yóò fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ọmọ yín yóò jókòó tì yín tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó parí.

Ẹ lè san owó domain sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, mo tiẹ̀ gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀; .com ṣeé san títí dé ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí owó kòkó bá wà níta, bí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní. Tó bá lọ bọ́ sí oṣù Karùn-ún, ìgbà yẹn gan-an ni òjò ti dé tí gbogbo ayé ń wá irúgbìn gbìn, bí ẹ bá sì gbàgbé, orí ọjà yín ló máa wó lé.

Domain ọ̀fẹ́ ọdún kan tí àwọn ilé iṣẹ́ hosting ń fi tọrẹ ńkọ́? Ìyẹn gan-an ni okùn tí wọ́n fi ń so ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dá owó yín padà láàárín 30 ọjọ́, wọ́n á yọ owó domain kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ti .com tuntun pa fún 60 ọjọ́ àkọ́kọ́ kó má lè lọ sọ́dọ̀ registrar mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn náà, ẹ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà àṣírí kan lọ́wọ́ wọn, EPP code ni wọ́n ń pè é, kó tó lè lọ. Ẹ wá wo iye tí ẹ fi ọ̀fẹ́ yẹn yọ.

Ó ku dọ́là 2.99. Ọmọ yín kò parọ́, ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, kó sì ka èyí tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sísàlẹ̀ fún yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, 2.99 yẹn wà fún ẹni tó bá san owó oṣù 48 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 2.99 lọ́nà 48 jẹ́ dọ́là 143.52. Ká fi dọ́là kan sí ₦1,500, ₦215,280 ni ẹ ó gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ₦4,485 tí ẹ rò. Ẹ kò sì tíì rí ibi tó ti ń dun ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin yẹn, iye gidi ni wọn yóò máa gbà. Ká ní ó jẹ́ dọ́là 10.99 lóṣù, irú iye bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì, ọdún kan di dọ́là 131.88, tí í ṣe ₦197,820 nínú ìṣirò wa yìí. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí CBN kò tíì tú náírà sílẹ̀ sójú ọjà, tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦470 lọ́dọ̀ ìjọba, owó kan náà yìí ì bá jẹ́ nǹkan bí ₦62,000. Ilé iṣẹ́ òkè òkun náà lè máà fi sẹ́ǹtì kan kún un, kó sì di ìlọ́po mẹ́ta fún ẹni tó ń ta ọjà ní Àkúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ káàdì náà tún ń bẹ. Láàárín ọdún 2022 sí 2023, ọ̀pọ̀ báńkì wa ló sọ pé káàdì náírà kò gbọ́dọ̀ sanwó sókè òkun mọ́. Àwọn kan ti ṣí i padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi òdiwọ̀n sí i. Ẹni tí owó hosting rẹ̀ tó san, tí owó wà nílé, tí káàdì sì kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni yóò ṣe? Yóò máa wá ọmọ ẹni tó ní káàdì dọ́là kiri. Èyí nìkan tó fún mi láti sọ fún oníṣòwò tí náírà ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń san pé kí ó wá hosting tí wọ́n ń fi náírà ta, tí ẹ lè fi transfer san láti orí fóònù.

Ẹ má sì san ju ọdún kan lọ fún hosting. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ san domain sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni. Domain, ẹ fẹ́ dì í mú. Hosting, ẹ fẹ́ lè fi í sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Alágbàká wá ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ra ààyè ńlá lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, tó ń pín in sí wẹ́wẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Reseller ni wọ́n ń pe irú wọn. Iṣẹ́ ọlá ni, n kò bú wọn. Ẹni tó wà nítòsí tí ẹ lè lọ bá ní ọ́fíìsì sàn ju ẹni tó ń fi ímeèlì dáni lóhùn láti òkèèrè lọ. Àmọ́ bí òun náà kò bá san owó tirẹ̀ lásìkò, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ jọ máa kú lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti ń ra ààyè. Ẹ bi í pé kí ni ₦60,000 ọdọọdún náà wà fún: ṣé hosting nìkan ni, àbí ó kan iṣẹ́ títún wẹ́ẹ̀bùsáìtì ṣe, fífi àwòrán tuntun sí i, yíyí iye owó padà nígbà tí ọ̀rá ìgbìn bá wọ́n? Tó bá jẹ́ hosting nìkan, ẹ lè rí i ní iye tó kéré sí ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé òun ni yóò máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe yíká ọdún, owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Ẹ óò tún rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n kọ “unlimited”, pé ààyè kò lópin. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò lópin láyé yìí. Ohun tí wọ́n kò kọ sójú táyé ni pé iye fáìlì tí ẹ lè kó síbẹ̀ ní òdiwọ̀n, inode ni wọ́n ń pè é, ímeèlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ kò sì pa rẹ́ ń kà mọ́ ọn. Iye agbára kọ̀ǹpútà náà tí ẹ lè lò lẹ́ẹ̀kan náà ní òdiwọ̀n pẹ̀lú. Èyí ló ń dójú ti oníṣòwò. Ká ní ẹ polówó lórí rédíò Adaba láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Karùn-ún. Ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ tẹ orúkọ yín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ààyè yín pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n pín fún yín kò tó, ohun tí wọ́n á rí ni “508 Resource Limit Is Reached”. Owó ìpolówó ti wọgbó nìyẹn. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí iye gigabyte gba ọkàn yín. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì bí tiyín kò ní lo gigabyte márùn-ún tán. Iye RAM àti CPU, ìyẹn agbára kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ bèèrè. Ilé iṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ yóò sọ nọ́ńbà fún yín; èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò tún ní “unlimited ni, mà”.

Lórí ibi tí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn náà, wà, àríyànjiyàn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé dátà nínú wáyà ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé London jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò lè dín ní ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá kan. Amẹ́ríkà tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìwé kan ṣoṣo sì máa ń lọ bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ṣí tán, nítorí náà Èkó dára ju London, London dára ju Amẹ́ríkà fún oníbàárà tó wà ní Ìdànrè. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ Èkó sí London kò tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ jà, bí server náà bá dára.

Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi ń gbè sẹ́yìn Èkó ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ nítòsí Abidjan lọ́jọ́ náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ohun tó bá wà nínú Nàìjíríà ní ọ̀nà tirẹ̀: láti ọdún 2006 ni IXPN ti ń jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa máa pààrọ̀ dátà láàárín ara wọn nílé níbí, láìgba òkun kọjá. Ẹ kàn kíyè sí i pé ilé iṣẹ́ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkẹjà lè gbé server rẹ̀ sí Jámánì. Kò burú, àmọ́ kí ó sọ ọ́. Ẹ bèèrè pé ìlú wo gan-an ni server tí àkáǹtì mi yóò wà lórí rẹ̀ wà?

Bí ọmọ yín bá sì ní kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan sílé kó máa ṣe server, kí ẹ má baà sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ní aago méjì òru.

Lóòótọ́, ohun tó ń mú wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa falẹ̀ jù ni àwòrán, server kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fóònù ìsinsìnyí ń ya àwòrán tó tó megabyte mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ kó ogún irú rẹ̀ sójú ìwé kan, ẹ ti ní kí àgbẹ̀ tó wà lóko ní Ilé-Olújì, tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ ń ṣe ségesège, fi ọgọ́rin megabyte dátà rẹ̀ wo ewé kòkó. Kò ní wò ó. Ẹ dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bí 200 kilobyte; ojú ènìyàn kò ní mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù, gbogbo ogún náà kò sì ní ju megabyte mẹ́rin lọ.

Backup, ìyẹn àdàkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín tí a tọ́jú, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, nínú ilé ńlá tí OVHcloud kó server sí. Ilé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni OVHcloud, ó wà lára àwọn tó tóbi jù ní Yúróòpù. Ilé kan jó tán pátápátá, apá kan òmíràn jó pẹ̀lú. Àwọn oníbàárà kan ní backup, ọkàn wọn sì balẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ibẹ̀ náà ni backup ọ̀hún wà. Ojúlówó, àdàkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bá iná lọ. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan bá sọ fún yín pé ojoojúmọ́ làwọn ń ṣe backup, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ibo ni ẹ ń kó o sí, ọjọ́ mélòó lẹ ń tọ́jú rẹ̀, ṣé èmi fúnra mi lè gbé e sọ̀kalẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni? Ẹ̀kẹta yẹn ni mo kà sí jù, torí òun náà ni ilẹ̀kùn àbájáde tí mo sọ lókè.

Tí wọ́n bá fún yín ní cPanel, ojú ìwé tí a ti ń ṣàkóso hosting, tàbí DirectAdmin tó jọ ọ́, ibẹ̀ ni ọmọ yín ti lè gbé odindi àkáǹtì náà sọ̀kalẹ̀ bí fáìlì kan. Kí ó má kó fáìlì nìkan o. WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ṣe tiyín, máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti iye owó sínú database, lọ́tọ̀ sí àwòrán. Bí ẹ kò ṣe ní fa irúgbìn kòkó tu kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá kó fáìlì láìkó database yóò gbé nǹkan dé ibi tuntun tí kò ní yè. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó gbé méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó sì tún dà á kọ sórí flash kan tí yóò wà lọ́wọ́ yín.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. SSL, ohun tó ń ti ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín oníbàárà àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, ọ̀fẹ́ ni Let's Encrypt ń fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó gọbọi fún un lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bí tiyín, ẹ bi í pé nítorí kí ni. Wọ́n á sọ “99.9% uptime”. Ìyẹn ni pé ó lè kú fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì lọ́dún kó má sì jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ 99% ni, ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kùnà, díẹ̀ nínú owó hosting ni wọ́n máa ń yọ fún yín nígbà ìsanwó tó ń bọ̀. Wọn kì í san owó ọjà tí ẹ kò rí tà. Tí ẹ bá fẹ́ ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ yín, kí wọ́n tò SPF àti DKIM, àmì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, fún yín, torí láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti le mọ́ ìmeèlì tí kò bá ní wọn. Bí fọ́ọ̀mù yín bá sì ń gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn, òfin ààbò dátà ọdún 2023 ti kàn yín: ẹ má gba ju ohun tí ẹ nílò lọ, ẹ má sì pín in fún ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ dán ìtọ́jú oníbàárà wọn wò. Ẹ má ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí gbogbo ènìyàn wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ní kí ọmọ yín kọ sí wọn pé: “Tí mo bá fẹ́ kó wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ni ìgbésẹ̀ rẹ̀, èló sì ni ẹ ó gbà?” Ẹni tó bá dáhùn kedere lórí ìbéèrè yìí, kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ lè bá a ṣe. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, tàbí tí kò fèsì títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ti rí bí yóò ṣe máa rí nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò yín, báyìí ni màá ṣe é. Màá fi ara mi ra .com.ng lọ́dọ̀ registrar tí NiRA fún láṣẹ, bó bá ṣeé ṣe fún ju ọdún kan lọ. Lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, màá ra hosting ọdún kan tí wọ́n fi náírà ta, tó ní cPanel, tí wọ́n sì sọ ìlú tí server rẹ̀ wà fún mi. Oríṣi tó kéré jù ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹ lè gbé e sókè bí ọjà bá ṣe ń gbòòrò. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta VPS, ìyẹn hosting ńlá tó ní agbára tirẹ̀ lọ́tọ̀, fún yín lónìí, owó rẹ̀ ló ń wá. Lẹ́yìn náà màá lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin Alágbàká, màá ní kí ó yọ domain àti hosting kúrò nínú ₦150,000 náà, kí ó sọ iye tí yóò gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Tó bá gbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i: orúkọ yín ni domain ń jẹ́, ẹ̀yin náà mọ password cPanel, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ sí fáìlì àti database nígbàkúùgbà láìsan owó mìíràn. Tó bá kọ̀ láti yọ domain sílẹ̀, ọmọ yín lè fi WordPress ṣe ojú ìwé márùn-ún tí ẹ nílò nígbà ìsinmi.

Ní tòótọ́, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lónìí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi oko irúgbìn yín sórí àwòrán ilẹ̀ Google, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àwòrán díẹ̀, kí ó sì to iye owó yín sínú WhatsApp Business. Yóò din ìpè tó ń sú yín yẹn kù kí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tó jáde, àwọn àwòrán tó bá sì yà fún un, tí ó ti dín kù, àwọn náà ni yóò gbé sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì.